Atẹ́gùn Àjà Keje

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé lífìtì ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ilé gíga, tó tún ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Bó bá bàjẹ́, òun ni wọ́n ń pè. Agbéròkè ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé ìyàwó rẹ̀ pàápàá, bí inú rẹ̀ bá dùn, Agbéròkè ló máa ń pè é. Bí inú rẹ̀ ò bá dùn, "Bàbá àwọn ọmọ" ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nínú ilé wọn, kó ṣáà tẹ́tí sí orúkọ tí wọ́n fi pe baálé lọ́jọ́ náà.

Ìlú kékeré ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, ilé gíga ò sì pọ̀ níbẹ̀. Ìgbà tó yá, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti ẹ̀ka tó wà níbẹ̀ pa, wọ́n ní kó máa bọ̀ ní ìlú ńlá, níbi tí àwọn ilé ti ga bí ẹni pé wọ́n ń wá nǹkan lójú ọ̀run. Wọ́n fi díẹ̀ kún owó oṣù rẹ̀. Lọ́jọ́ tó gbọ́ ọ, ṣe ló ń rìn bí ẹni pé òun ló ni títì. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì á ní bẹ́ẹ̀dì tiwọn, Màmá, ìyẹn ìyá òun, á ní yàrá tirẹ̀, òun ìyàwó á sì rí ibi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, nítorí télọ̀ ni obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ló ṣíwájú wọn lọ wá ilé. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là.

Ajẹ́ńtì tó ń mú un kiri jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó fèsì. Ó béèrè iye tí Agbéròkè lè san. Agbéròkè sọ ọ́. Ajẹ́ńtì rẹ́rìn-ín, kò sì fèsì.

Yàrá àkọ́kọ́ tí wọ́n wò, bí bẹ́ẹ̀dì bá wọ ibẹ̀, ilẹ̀kùn ò ní ṣí mọ́. "Ẹ lè máa gba ojú fèrèsé wọlé," ni ajẹ́ńtì wí. "Àjà ìsàlẹ̀ kúkú ni." Ní ilé kejì, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, èèyàn lè máa wẹ̀ kó sì máa ro ọbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni inú Agbéròkè dùn sí jù. Ó mọ́, ó fẹ̀, owó rẹ̀ ò pọ̀. Ó ti fẹ́ bọ ajẹ́ńtì lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ tí ẹnì kan ń hanrun ní yàrá ẹ̀yìn.

"Ta nìyẹn?"

"Hẹn, àbúrò onílé ni. Òun àti ilé náà jọ ń lọ ni. Kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu."

Ó ti rẹ̀ ẹ́ pátápátá kí wọ́n tó dé ilé alájà méje kan tó wà ní kọ̀rọ̀ òpópónà. Yàrá méjì àti pálọ̀ ṣófo ní àjà kẹ́yìn pátápátá, owó rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù ba Agbéròkè. Ìyá onílé ń gbé àjà ìsàlẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí lórí àga onítìmùtìmù kan, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ wà lórí itan.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, kí ló dé tí owó ilé yìí fi rọrùn báyìí?"

"Lífìtì ló kú." Bí ẹni ń ròyìn ìbátan rẹ̀ tó ṣaláìsí ló ṣe sọ ọ́. "Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Ẹsẹ̀ ni gbogbo ayálégbé fi ń gòkè. Ọjọ́ tí lífìtì bá jí, owó ilé náà á bá a gòkè. Iṣẹ́ wo nìwọ ń ṣe, ọkọ mi?"

Agbéròkè dáhùn: "Ẹ̀rọ ni mò ń tún ṣe, Mà."

"Irú ẹ̀rọ wo?"

"Ṣé ẹ rí i, Mà, ó pọ̀ lóríṣiríṣi."

Kì í kúkú ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló dáhùn bẹ́ẹ̀, á fa ọmọ náà létí.

Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ náà. "Yàrá méjì àti pálọ̀!"

"Pẹ̀lú owó tá a ní yẹn?"

"Owó yẹn náà ni."

"Kí ló ṣe ilé ọ̀hún?"

"Kí ló fẹ́ ṣe é? Fèrèsé ńlá ńlá ló ní. Atẹ́gùn sì pọ̀ níbẹ̀, o ò ní nílò fáànù."

"Kí lẹ ní ó pọ̀ níbẹ̀? Ohùn yín ń já."

"Atẹ́gùn! Atẹ́gùn pọ̀ níbẹ̀!"

Ó yẹ kó mẹ́nu ba àjà keje nígbà náà, ṣùgbọ́n fóònù pa. Ká má parọ́, òun ló tẹ̀ ẹ́ pa.

Ọjọ́ tí ìdílé náà dé, ọkọ̀ akẹ́rù já wọn sílẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tàwọn ti bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò, àpò aṣọ, àti ẹ̀rọ ìránṣọ onírin tó wúwo bí ọmọ màlúù. Màmá bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún. Ìyàwó wo ilé náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó mà dára o, Agbéròkè. Èwo ni tiwa?"

Agbéròkè na ìka sókè. Ìyàwó ń tẹ̀ lé ìka náà, orí rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn, ó ń lọ sẹ́yìn, títí gèlè rẹ̀ fi fẹ́ já bọ́.

"Bàbá àwọn ọmọ," ló wí.

Àwọn ọmọ ti sáré wọlé lọ tẹ bọ́tìnnì lífìtì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n lù ú, èyí àbúrò tiẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò dá wọn lóhùn. Nígbà tí ìyàwó rí eruku tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, tó tún wá rí àtẹ̀gùn tó ká bí ejò lọ sókè, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ní atẹ́gùn pọ̀ níbí."

"Ó pọ̀ lóòótọ́. Wàá rí i."

"Mo ti rí i. Àṣé àtẹ̀gùn lẹ ń sọ. Fóònù ló gbé ohùn yín gba ibòmíì."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ fún un pé òun náà máa gùn ún, ẹ̀rín náà gbẹ. Wọ́n wá gbé e jókòó sórí àga, Agbéròkè mú ẹsẹ̀ àga kan, awakọ̀ àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mú méjì, ẹni tó mú ẹ̀kẹrin ni tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé àjà kejì, tó sì jẹ́ pé ó kàn jáde wá wo ohun tó ń pariwo ni. Bí wọ́n bá dé àjà kan, wọ́n á gbé Màmá kalẹ̀, wọ́n á mí. Ibi tí wọ́n bá ti ń mí, ilẹ̀kùn á ṣí, ẹnì kan á yọjú, Màmá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i bí ẹni tó dìídì wá kí wọn nílé. Kó tó dé òkè, ó ti mọ ẹni tó ń wúkọ́, ó ti mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò fẹ́ kàwé, ó sì ti mọ̀ pé nọ́ọ̀sì tó ń gbé àjà kẹfà ti lóyún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Tíṣà tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ò mọ ìdajì rẹ̀.

Atẹ́gùn fẹ́ wọn lójú bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn. Ìyàwó lọ dúró síwájú fèrèsé, ó pẹ́ níbẹ̀, ó ń wo òrùlé àwọn ilé yòókù nísàlẹ̀. Ìgbà tó yá, ó tú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́tìnnì. Agbéròkè mọ̀ pé òun ti rí àforíjì gbà dé ìdajì. Ìdajì tó kù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìyàwó gbé ìkòkò kaná, tó sì rí i pé kò sí iyọ̀. Gbogbo wọn wo ara wọn. Màmá nawọ́ gbá orúnkún rẹ̀ mú kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣe àṣìṣe. Agbéròkè ló sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé òkè. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀ kalẹ̀ fún nǹkan kan ṣoṣo mọ́. Wọ́n so okùn mọ́ apẹ̀rẹ̀, wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ojú fèrèsé fún ẹni tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀. Bí tọkọtaya bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ara wọn jà lé lórí, inú ilé ni wọ́n ti ń jà á tán, nítorí kò sí ẹni tó lè fi ìbínú jáde, kó tún wá fi ẹsẹ̀ gùn ún padà.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó yí àga sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe ná?"

"Ìwọ náà ò ha mọ̀ ọ́n?"

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀, bí ìyá onílé ṣe ní owó ilé á gòkè, àti bí òun ṣe fi "oríṣiríṣi" bo ara òun láṣírí. Ìyàwó gbọ́ ọ, ó ronú, ó mi orí. "Ìyẹn ni pé bí lífìtì yìí bá ń ṣiṣẹ́, àwa ò ní lè gbé ibi tó ń gbéèyàn lọ."

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ kó máa sùn, Agbéròkè." Ó sì rán àpò aṣọ kan tó rí bí àpò ọjà, tó fi òdòdó sára rẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ lè máa kó irin iṣẹ́ sínú rẹ̀.

Báyìí ni ọkùnrin tó lágbára yẹn ṣe ń gbé àpò olódòdó jáde láràárọ̀. Ó ń lọ tún lífìtì ṣe ní ilé ìfowópamọ́ àti ní ọ́fíìsì ńlá, fún àwọn tí wọ́n máa ń fajú ro bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ bí lífìtì bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́ dé. Á wá padà sílé, á gba ẹ̀gbẹ́ lífìtì tirẹ̀ kọjá láìwò ó, á fẹsẹ̀ gòkè.

Ó gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni kì í ṣe ohun téèyàn ń gbàgbé. Yàrá kékeré tí ẹ̀rọ lífìtì wà, orí òrùlé wọn gan-an ló wà. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ó yọ́ gòkè lọ síbẹ̀. Ó ní wíwò lásán lòun fẹ́ wò ó. Ó rí wáyà tí eku jẹ, ó rí nǹkan kékeré kan tó jóná, tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Kò sí nǹkan míì. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó nu eruku díẹ̀. Ó ní kí òun kàn fi òróró sí ibi tó ti ń dípẹtà, kó má bàa burú sí i. Nígbà tó padà wọlé, ìyàwó gbójú sókè.

"Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Mo lọ gba atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn yẹn ti fi òróró sí yín nímú."

Ẹni tó tú àṣírí náà ni Màmá. Ojú fèrèsé pálọ̀ ló ń jókòó sí látàárọ̀, àwọn ará ilé náà sì ń gòkè wá bá a, nítorí ó mọ ọ̀rọ̀ í gbọ́, ó sì tún mọ̀ ọ́n sọ. Nọ́ọ̀sì àjà kẹfà ló ń wá jù. Ikùn rẹ̀ ti yọ síta dáadáa báyìí. Lọ́jọ́ kan tó dé láti ibi iṣẹ́, ó jókòó ti Màmá, ó ń mí gúlegúle.

"Màmá, mi ò mọ bí mo ṣe máa máa gun àtẹ̀gùn yìí lóṣù tó ń bọ̀."

"Ṣé torí èyí náà lo ṣe ń mí báyìí? Ọmọ mi á tún lífìtì yẹn ṣe fún ẹ. Kí ló tún ń ṣe láyé ẹ̀ bí kò ṣe lífìtì?"

Ní igun pálọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò nílò lífìtì kó tó dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, gbogbo ilé pé jọ sórí àtẹ̀gùn, ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó síbi tó bá a lára mu. Àwọn ará òkè ní kí Agbéròkè tún lífìtì ṣe lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ní kó má fọwọ́ kàn án, nítorí owó ilé á lọ sókè láìjẹ́ pé àwọn bá a lọ. Tíṣà ló dìde bá wọn sọ̀rọ̀.

"Àtẹ̀gùn ni ìlera. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi." Ó ká ṣòkòtò sókè.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé àjà kejì!" ni ọkùnrin kan láti àjà karùn-ún dáhùn. "Ẹ gbé ìlera yẹn wá sọ́dọ̀ wa ká wò ó bóyá kò ní rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jà, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ikùn rẹ̀. Agbéròkè ò lè wo ojú rẹ̀. Ó ronú kan gbogbo ọjọ́ tó ti kọjá lára obìnrin yìí lórí àtẹ̀gùn, tòun ti àpò olódòdó, tó sì kí i pé ó kú ìrọ́jú.

"Mo máa lọ bá ìyá onílé," ló wí.

"A jọ ń lọ ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ lé wa jáde, etí ara mi ni kí n fi gbọ́ ọ. Mo ti mọ bí ẹ ṣe ń jíṣẹ́."

Ìyá onílé wà lẹ́nu ọ̀nà lórí àga rẹ̀. Agbéròkè dọ̀bálẹ̀, ìyàwó kúnlẹ̀. "Mà, iṣẹ́ tí mo sọ pé mò ń ṣe…"

"Lífìtì ni," ni ìyá onílé wí. "Ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ dé ni mo ti mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín, Mà?"

"Ìyàwó ẹ ni."

"Èmi kẹ̀, Mà!"

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lò ń fọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀, tó ò ń sá a sójú fèrèsé? Lẹ́tà gbàgàdà ni wọ́n fi kọ ATÚNLÍFÌTÌṢE sẹ́yìn ẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, kì í ṣe ojú. Gbogbo àdúgbò ló ti kà á. Onílé òdìkejì tiẹ̀ ti wá béèrè nọ́ńbà fóònù ọkọ ẹ lọ́wọ́ mi."

Tọkọtaya náà wo ara wọn. Àpò olódòdó, "oríṣiríṣi", gbogbo ẹ̀ ló ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè títì láti ìgbà yẹn.

"Ẹ ò wá sọ nǹkan kan, Mà?"

"Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa pẹ́ tó kí ara tó máa ta ẹ́ ni." Ìyá onílé rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lórí itan rẹ̀. Agbéròkè mú un fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀: òun á ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tó bàjẹ́ ò wọ́n, kí ìyá ṣáà jọ̀ọ́, kó má fi kún owó ilé.

"Ṣé atẹ́gùn ṣì ń fẹ́ lókè yẹn?" ni ìyá onílé béèrè.

"Ó ń fẹ́ gan-an, Mà," ni ìyàwó dáhùn.

"Ibẹ̀ ni èmi àti olóògbé kọ́kọ́ gbé nígbà tá a kọ́lé yìí tán. Mi ò tíì débẹ̀ láti ìgbà tí lífìtì ti kú. Wọ́n ní ìyá kan wà níbẹ̀ báyìí tí gbogbo èèyàn ń lọ kí. Èmi tí mo wà lẹ́nu ọ̀nà níbí, àfi bí omi ò bá yọ ni wọ́n ń rántí mi." Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Tún un ṣe. Iye tí ẹni tó wà nínú ilé ń san náà ni kó máa san. Ẹni tó bá jẹ́ tuntun ló máa san owó tuntun. Àmọ́ ẹni tó bá kó jáde, kó má padà wá bẹ̀ mí o."

Bẹ́ẹ̀ ni Agbéròkè ṣe tún un ṣe. Kò gbà ju ọ̀sán kan lọ, ó sì ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn lífìtì ṣí ní àjà keje, iná tàn nínú rẹ̀, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó wọ ibẹ̀. Àwọn ará òkè tí wọ́n ti ń pariwo ní àwọn ò kánjú. Tíṣà ní òun ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àtẹ̀gùn ni ìlera.

Màmá dìde. "Ẹ kúrò lọ́nà. Èmi ni mo bí ẹni tó tún un ṣe. Bó bá já mi jù sílẹ̀, èmi àti ẹ̀ la máa jọ yanjú ẹ̀."

Ó wọ̀ ọ́, Agbéròkè tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn pa dé. Wọ́n dé ìsàlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbé sílẹ̀ lọ́wọ́. Màmá jáde dé ẹnu títì, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún. Ọkọ̀ ń fun fèrè, eruku ń sọ, oòrùn mú.

"Ṣé ohun tó wà níbí náà nìyí? Dá mi padà sókè, jọ̀ọ́."

Ìyá onílé ti dìde lórí àga rẹ̀. "Ẹ dúró dè mí, Màmá."

Àwọn méjèèjì jọ gòkè. Ìyá onílé wọ pálọ̀, ó fọwọ́ kan ògiri, ó sì wo ojú fèrèsé. Ó wá ní kọ́tìnnì tí wọ́n ta kò bá ògiri mu. Ó jókòó. Àwọn ìyá méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti orí orúnkún, wọ́n dé orí àwọn ọmọ tí kì í pe ìyá wọn, wọ́n sì rìn jìnnà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ó máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ó máa ń sọ bí iyọ̀ rẹ̀ ṣe rí, ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń pa ilẹ̀kùn dé tí kò fi ní dún. Kò pẹ́ tó ní àga wọn le, pé kí Agbéròkè jọ̀ọ́, bá òun gbé àga onítìmùtìmù òun wá láti ìsàlẹ̀. Lífìtì gbé e wá. Àga náà gbòòrò. Wọ́n ní láti sún ẹ̀rọ ìránṣọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àwọn oníbàárà tó ti ń gòkè wá báyìí máa ń dúró wọn aṣọ, tí Nọ́ọ̀sì sì ti wá rán aṣọ ọmọ tó ń bọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Agbéròkè ti ibi iṣẹ́ dé, kò rí ibi jókòó. Ó dúró jẹun nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Láti pálọ̀, wọ́n ń gbọ́ tí Màmá àti ìyá onílé ń jiyàn lórí ẹni tí ojú fèrèsé tọ́ sí.

"Owó ilé ò gòkè," ni ìyàwó rẹ̀ wí jẹ́jẹ́, ó ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́. "Onílé ló gòkè."

"Ṣé kí n tún un bà jẹ́ ni?"

Ìyàwó fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó ronú sí i bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lọ́kàn gidi, ó wo ibi tí ẹ̀rín àwọn ìyá méjèèjì ti tún ń bú jáde.

"Ẹ jẹun yín, Agbéròkè," ló wí, ó sì bu ẹran kan kún oúnjẹ ọkọ rẹ̀.